Kí O Tó Gbé Fóònù Sókè Ní Kíláàsì Bíbélì

Ilé wa, Ìgàndó,
Ọ̀sán Sátidé, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Mojísọ́lá, Àjọkẹ́ mi,

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́jọ́ tí Bíbélì kọ́kọ́ yé mi. Mo da ẹ̀wà sínú àtẹ, mo gbé fóònù ti agolo iyọ̀, mo sì ní kí ohùn ọkùnrin tó ń ka Bíbélì Yorùbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì máa kà lọ, kí ilé má baà dákẹ́ jù. Ìwọ lo fi sórí fóònù mi, àbí o ti gbàgbé? O ní kí n ṣáà máa gbọ́ ọ, pé á mọ́ mi lára. Mi ò fi ọkàn sí i, òkúta ni mò ń wá nínú ẹ̀wà. Ó kà á, ó kà á, ó dé ibi tí àwọn tó ti ìgbèkùn bọ̀ péjọ sí ìta gbangba, tí wọ́n dúró láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, tí àwọn kan ń ka ìwé, tí wọ́n sì ń là á yé wọn. Ohùn yẹn kò sáré rárá. Ó ń kà bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Ó ní àwọn ènìyàn náà gbọ́, ó yé wọn, wọ́n sì bú sẹ́kún.

Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ka ibẹ̀ lédè òyìnbó. Ṣùgbọ́n mi ò bi ara mi léèrè rí pé kí ló ń pa àgbàlagbà lẹ́kún nítorí pé wọ́n kàwé fún un. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀. Àwọn yẹn lọ, wọ́n pẹ́ lọ́hùn-ún, wọ́n padà délé, èdè ilé sì ti di àjèjì lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Ẹnìkan wá dúró, ó fi sùúrù là á yé wọn. Mo ní, èmi nìyí. Mo sunkún sórí ẹ̀wà, ọmọ mi, ohùn yẹn sì ń kà lọ ní tirẹ̀, kò mọ ohun tó ṣe fún mi.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí o fi fóònù rán dé láti Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé ilé ìwòsàn ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, pé o ti rí ilé, inú mi dùn. Nígbà tí o wá fi kún un pé ìjọ tí o ń lọ níbẹ̀ ti ní kí o máa darí kíláàsì Bíbélì àwọn ọ̀dọ́, pé kí n tètè fi orúkọ gbogbo áàpù tí mò ń lò ránṣẹ́, inú mi dùn, àyà mi sì já. Màá fi orúkọ wọn ránṣẹ́. Wọn ò pọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí ni kí o kọ́kọ́ kà. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo ti jìn, Mojí. Ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo jìn, o sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

O mọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo kàwé níbẹ̀, mo gboyè níbẹ̀, mo padà wá bá Màmá àgbà nínú ilé yìí pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àti ahọ́n tí kò lè kí ènìyàn. Ibí ni mo bí ọ sí, ọmọ ọdún márùn-ún sì ni ọ́ nígbà tí mo sọ fún bàbá onílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé, "O káàárọ̀." O fa ìró mi lójú gbogbo ayé, o ní, "Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ ni, àgbà ni wọ́n." Bàbá yẹn rẹ́rìn-ín títí tó fi húkọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ èdè mi lẹ́nu ọmọ mi. Nítorí náà, bí o bá rí ibi tí mo ti ṣi àmì kan lórí ọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà yìí, má pe ẹnikẹ́ni wá wò ó jàre.

Ó yá, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Ìkíní: gbọ́ ọ kí o tó kà á. Jẹ́ kí fóònù kà á fún ọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bí o bá ń gbálẹ̀, bí o bá ń fọṣọ, kí o tó ṣí ojú ìwé. Èmi kì í gbọ́. O mọ bí a ṣe ń ṣe é ní kíláàsì wa ní Ìdímù: gbogbo wa á jókòó yípo nínú aṣọ funfun, bàtà á wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan á ka ẹsẹ kan, ẹni tó tẹ̀ lé e á gbà á. Ẹ̀rù kíkà Yorùbá ń bà mí débi pé, bí a bá ti ń jókòó, mo ti ń ka iye ènìyàn tó jókòó ṣáájú mi. Màá wá ẹsẹ tó máa kàn mí, màá máa fi ètè kà á jẹ́jẹ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ mi. Gbogbo ohun tí àwọn yòókù ń kà, mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Bí mo bá sì ti ka tèmi tán, ara á tù mí, mi ò tún ní gbọ́ ohun tó kù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi lọ kíláàsì Bíbélì, tó jẹ́ pé ẹsẹ kan ṣoṣo ni mò ń gbé bọ̀ wálé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ọmọ ìyá kan tó jókòó ṣáájú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ìyá rẹ̀ sì gbé e jáde. Bí ìyẹn ṣe jáde, ẹsẹ gbogbo wa ti yí, mi ò mọ̀. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo ka èyí tí mo ti há sórí, mo tilẹ̀ fi ohùn dárà sí i. Ẹsẹ tí mo kà kò tíì kàn.

Bàbá Olùkọ́ ló ń darí wa. O mọ̀ wọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún wọn sọ, torí pé orí wọn ni lẹ́tà yìí dá lé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Egan ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ṣe láyé wọn. Òrùlé tí wọ́n ti kàn láti Egan dé Ìgàndó, àwọn fúnra wọn ò lè kà á. Àní pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́jọ́ Ìsinmi, pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí wọn. Awò ojú wọn, òwú ni wọ́n fi so ó. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, gbogbo kíláàsì ń wò wọ́n, bóyá wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé awò ojú sókè díẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá Mojí ti sáré dé iwájú. Ẹ jẹ́ ká máa bọ̀ wá bá a." Wọ́n ní kí ẹni tó tẹ̀ lé mi ka èyí tó yẹ kí n kà. Nígbà tí a dé ibi ẹsẹ tèmi, wọ́n ní kí n tún un kà, pé ó dùn létí àwọn.

Fi èyí sọ́kàn, Àjọkẹ́. Irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ sí mi nìyẹn, kí o tó gbọ́ irú ènìyàn tí mo jẹ́ sí wọn.

Ìkejì: má jẹ́ kó dẹ́kun láti máa yà ọ́ lẹ́nu. Bíbélì kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yìí nígbà ayé Màmá àgbà. Inú aṣọ ìrọ̀rí ni wọ́n ń dì í sí, ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tutù kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Èmi wá jókòó nínú ilé ìdáná kan náà lónìí, Yorùbá wà lápá òsì ojú fóònù, òyìnbó wà lápá ọ̀tún. Mo fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kan báyìí, lẹ́tà àtijọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ọ́ yọ síta bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Mo tún un tẹ̀, gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ níwájú mi. Àwọn kan ti ya àwòrán ìwé àfọwọ́kọ tó ti pẹ́ ju ìgbà tí ẹnikẹ́ni lè rántí lọ, wọ́n gbé e síbẹ̀ kí irú mi lè rí i. Mo fà á tóbi, mo fà á tóbi, títí mo fi rí ibi tí akọ̀wé náà ti tún kálàmù rẹ̀ bọ inú yíǹkì, tí lẹ́tà dúdú ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ní ibì kan, ìlà rẹ̀ wọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ènìyàn ni, Mojí. Ẹnìkan jókòó, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó ń kọ ọ́ kó má baà sọnù, kò sì mọ̀ pé obìnrin kan máa wo àárẹ̀ ọwọ́ òun láti Ìgàndó.

Mo tún wo máàpù abúlé tí àwọn arábìnrin méjì àti àbúrò wọn ọkùnrin ń gbé, ilé tí Olúwa máa ń yà sí. Mo fi ìka wọn ọ̀nà láti ibẹ̀ dé ìlú ńlá. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìkòtún dé Ìdímù lọ. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Láti kékeré ni mo ti rò pé ìrìn àjò ńlá ni. Àṣé Olúwa kàn ń rọra rìn lọ sọ́dọ̀ wọn ni, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, bí ẹni tó ń lọ jẹun nílé ọ̀rẹ́, tí eruku á ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i bí ẹni tó ń gbé àdúgbò.

Ìkẹta kò gùn: béèrè ẹni tó kọ ọ́. Àwọn ìwé àlàyé tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé àwọn tó kọ wọ́n ti kú tipẹ́, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kí o sanwó. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọmọlúàbí ènìyàn ni wọ́n, wọ́n kàwé ju èmi àtìwọ lọ. Ṣùgbọ́n ìlú òtútù ni wọ́n ti kọ ọ́, nínú yàrá tí ìwé kún. Èmi ń kà wọ́n bí ẹni pé àwọn náà wà lára Bíbélì. Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀.

Ó dáa. Ìkẹrin ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò.

Lọ́dún tó kọjá, kí ìwé iṣẹ́ rẹ tó dé, a dé ibi ìtàn àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n gbé arọ wá, tí wọn ò rí ọ̀nà wọlé nítorí èrò, tí wọ́n sì gun òrùlé, tí wọ́n ṣí i, tí wọ́n sọ ọkùnrin náà kalẹ̀ pẹ̀lú ẹní rẹ̀. Bàbá Olùkọ́ dìde dúró fún tibẹ̀. Wọn kì í dìde, o mọ̀, eékún wọn kò gbà. Wọ́n ní ẹnìkan nínú àwọn mẹ́rin náà ní láti mọ iṣẹ́ òrùlé, torí pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n máa tú páànù lé àwọn tó wà nísàlẹ̀ lórí ni. Wọ́n ti ń fi ọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe máa ń yọ ìṣó. Èmi ti gbé fóònù sókè.

Mo ní, "Bàbá, kò sí páànù nílùú wọn. Igi àti amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe òrùlé, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, àtẹ̀gùn á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ẹ wò ó." Mo gbé àwòrán rẹ̀ yí gbogbo kíláàsì ká. Ẹnìkan ní Ìyá Mojí ti di púrófẹ́sọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìwọ pàtẹ́wọ́. Mi ò dá ọ lẹ́bi, ìyá rẹ ni mí, ò ń bá mi yọ̀ pé ẹni tí kò lè ka ẹsẹ kan lánàá ti wá mọ nǹkan lónìí. Èmi náà yọ̀. Ara mi gbóná fún ayọ̀.

Bàbá Olùkọ́ wo àwòrán náà. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n pa Bíbélì wọn dé, wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn ìjọ, wọn ò wá sí kíláàsì mọ́. Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ará kíláàsì. Mo kọ́ wọn, Mojí, pẹ̀lú gbogbo áàpù tí o ń béèrè yìí. Kò pẹ́ tí oníkálukú fi ń gbé fóònù tirẹ̀ wá, tí wọ́n ń fi àlàyé tiwọn já tèmi. Ohun tí mo ṣe sí àgbà ni wọ́n ń ṣe sí mi. Àwọn kan dẹ́kun wíwá. Ní báyìí, bí a bá pọ̀ jù, a ò ju márùn-ún lọ, àwọn àgbà ìjọ sì ti sọ pé bó bá rí báyìí títí di Ìkórè, àwọn á ti kíláàsì náà pa. Kíláàsì tí bàbá yẹn fi ìgbà okun rẹ̀ kọ́. Ohun tó gbé oorun lójú mi nìyẹn, tí mi ò sọ fún ọ lórí fóònù.

Oṣù tó kọjá ni òrùlé wa bẹ̀rẹ̀ sí í jò sí pálọ̀. Káfíńtà méjì wá, wọ́n lẹ ibi tí omi ti ń kán. Òjò dé, omi kán síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Sùlè, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án, pé ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ló kan òrùlé náà fún Màmá àgbà, òun mọ ọwọ́ ẹ̀. Kí n jẹ́ kí òun lọ gbé wọn wá láti Egan. Mo bi í pé kí ni orúkọ ọ̀gá ẹ̀. Mo ti mọ̀ kó tó dáhùn.

Wọ́n dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì nínú kẹ̀kẹ́ márúwá, pẹ́ńsùlù létí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n béèrè rẹ, wọ́n ní kí n gbé àpótí ìjókòó kan wá. Sùlè fẹ́ dá wa lẹ́rìn-ín, torí pé ó rí i pé ara ilé ò yá. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin aláṣọ funfun, ṣé àdúrà yín ò ká òrùlé ni?" Mùsùlùmí ni, ó fẹ́ràn kó máa fi ìjọ wa ṣẹ̀fẹ̀.

Bàbá Olùkọ́ ò wò ó. Wọ́n ní, "Ó ká a. Ìwọ ni èsì àdúrà náà. Gun òkè."

Wọ́n jókòó sí àárín pálọ̀, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní kí Sùlè máa gbá igi lọ díẹ̀díẹ̀ kí àwọn máa gbọ́ ọ. Kò gbá ibi tí omi ti ń kán rárá. Wọ́n ń sọ fún un pé kó máa lọ sókè, kó máa lọ sókè. Nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé góńgó òrùlé, ìró igi yí padà. Wọ́n ní ibẹ̀ ni. Ìṣó kan ni rọ́bà abẹ́ orí rẹ̀ ti jẹrà dànù, omi ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń tọ abẹ́ páànù lọ, ó ń tọ igi lọ, ó wá ń já bọ́ sórí àga mi ní àárín ilé. "Ibi tó ti ń kán kọ́ ló ti ń jò, Ìyá Mojí," ni wọ́n wí. "Omi ti rìn kó tó já bọ́."

Àwọn tó sọ pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i, mo ti rò pé wọ́n ń fi ọjọ́ orí fọ́nnu ni. Mo wá fi ojú ara mi rí i. Kọ èyí sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ rẹ: bí ẹsẹ kan bá ń kán sí yín lórí, tí kò yé yín, ẹ má dúró níbẹ̀ kí ẹ máa lẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ sókè. Ẹ ka orí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ ka èyí tó tún ṣáájú ìyẹn. Áàpù á máa gbé ẹsẹ kan ṣoṣo fún yín láràárọ̀, ó dáa, ṣùgbọ́n omi ti rìn kó tó já bọ́.

Igi tó wà lábẹ́ ìṣó yẹn ti jẹrà. Ó gùn, ó wúwo, wọn ò lè gbé e gba ìta nítorí wáyà iná. Inú pálọ̀ ni wọ́n máa sọ ọ́ sí. Sùlè pe àwọn mẹ́ta mìíràn wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n yọ páànù, wọ́n gé àjà, ojú ọ̀run sì wọ pálọ̀ mi. Mo dúró níbẹ̀, Mojí, eruku ń já bọ́ sórí àga Màmá àgbà, ìmọ́lẹ̀ tí kò wọ ilé yẹn rí ń wọlé, orí ọkùnrin mẹ́rin sì yọ yí ihò náà ká, okùn lọ́wọ́ oníkálukú. Mo ti wo àwòrán ilé yẹn lórí fóònù láìmọye ìgbà. Èmi rèé tí mo dúró láàárín èrò, mò ń wòkè.

Bàbá Olùkọ́ ń darí wọn láti orí àpótí. "Ẹ tú u bọ̀. Díẹ̀ sí i. Sùlè, ìwọ ń yára. Dúró de àwọn yòókù."

Igi yẹn sọ̀ kalẹ̀ pẹrẹsẹ, bí ọmọ tó sùn tí wọ́n ń gbé sórí ẹní. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò wo ojú wa. Ohun tí wọ́n ń sọ kalẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Mo ní, "Bàbá. Àwọn mẹ́rin yẹn."

Wọ́n ní, "Ẹn-ẹ́n. Ibi tí mò ń bọ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ mi nígbà tí fóònù rẹ dé."

Àṣé wọ́n mọ̀ pé òrùlé ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Wọ́n ní ọdún púpọ̀ ni àwọn ti mọ̀, páànù tiwa ni àwọn fi ń ṣe àpèjúwe kó lè yé ará Ìdímù. Ohun tí wọ́n fẹ́ béèrè lọ́wọ́ wa ni pé, ìwé náà sọ pé Olúwa rí ìgbàgbọ́ àwọn mẹ́rin yẹn: báwo ni wọ́n ṣe ń fi ojú rí ìgbàgbọ́? Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kan nínú wọn. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ wọn. Bàbá Olùkọ́ na ọwọ́ sí okùn tó ṣì ń mì lókè. Wọ́n ní, "Okùn yìí ni. Bí ẹnìkan bá yára nínú wọn, aláìsàn á yí dànù. Ẹni mẹ́rin tó dúró de ara wọn, òun ni ìgbàgbọ́ tí ojú ń rí."

Fóònù mi sọ ohun tí wọ́n fi ṣe òrùlé fún mi, òótọ́ ló sì sọ. Ẹni tó ti dúró lórí òrùlé rí ló mọ ohun tó wúwo níbẹ̀. Ó yẹ kí n ti gbọ́ méjèèjì pọ̀ láti ọdún tó kọjá, bí mo bá lè dúró. Ìkẹrin náà nìyí: bí o bá rí nǹkan lórí fóònù nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀, ọmọ mi, má gbé e sókè. Jẹ́ kó parí. Bó bá parí tán tí ó ṣì yẹ kí o sọ ọ́, bi í ní ìbéèrè. Mi ò ní ìmọ̀ràn mìíràn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé ayé mi.

Nígbà tí Sùlè àtàwọn tirẹ̀ jáde lọ fọwọ́, mo kúnlẹ̀ sórí eruku yẹn, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní kíláàsì náà ni wọ́n ṣe, wọn kì í já lu ọ̀rọ̀. Wọ́n wá ní, "Ìyá Mojí, gbangba lo ti tú mi láṣọ. O wá ń fi aṣọ bò mí nínú pálọ̀."

Ohùn wọn ò le. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Wọ́n ní àwọn á padà wá kọ́ kíláàsì, bí mo bá lè ṣe ohun kan kó tó di Ìkórè. Kí n pe gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí n dìde níwájú wọn, kí n ka orí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní Yorùbá, nínú Bíbélì oníwèé. Èmi nìkan, kì í ṣe ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Kí n sì ní kí Bàbá parí ẹ̀kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Mo ti yọ Bíbélì Màmá àgbà kúrò nínú aṣọ ìrọ̀rí rẹ̀. Láràárọ̀, mo máa ń jẹ́ kí ohùn fóònù kà á, màá kà á tẹ̀ lé e, màá tún un kà láìsí ohùn náà. Mo ti lè kà á dé ibi tí wọ́n ti gun òrùlé. Lẹ́yìn ibẹ̀, ahọ́n mi á wúwo, mi ò sì mọ̀ bóyá Yorùbá ló wúwo ni tàbí ìtìjú. Ẹ̀rù tó ń bà mí gan-an ni pé, bí mo bá ṣì í kà tí àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mò ń fi kíláàsì Bàbá ṣe ẹlẹ́yà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí, Àjọkẹ́. Mo ti gbà ọ́ ní ìmọ̀ràn tó tó, ó kàn ọ́ láti gbà mí. Ìwọ lo dàgbà sáàárín àwọn ènìyàn yìí, o mọ ohun tí wọ́n máa gbọ́ nínú ohùn ènìyàn ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ṣé kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, kí n tó ṣí ìwé? Àbí kí n kà á, kí n kà á, bí mo bá dé ibi òrùlé, kí n dúró níbẹ̀, kí n kúnlẹ̀, kí Bàbá gba Bíbélì lọ́wọ́ mi? Ṣé ó tọ́ kí n ní kí ìwọ náà wá láti Abẹ́òkúta, torí pé ìwọ náà wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́, àbí ẹ̀ṣẹ̀ mi nìkan ni kí n gbé? Ìwọ lo fa ìró mi lọ́jọ́sí, tí o kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi kékeré, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ wọ́n ní gbangba: èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?